Ohùn há, eré dúró: kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́fun olórin?

AdaríẸgbẹ́_Sábó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, Adele, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fagi lé gbogbo eré tó kù fún un ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló ya sí i lọ́fun. Nígbà tó di 2017, ó kọrin ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ ọjọ́ 28 àti ọjọ́ 29 oṣù kẹfà. Alẹ́ méjì péré ló kù kí ìrìn-àjò orin tó ti bẹ̀rẹ̀ láti Belfast ní oṣù kejì 2016 parí, ni dókítà bá ní kò gbọdọ̀ kọrin mọ́. Alẹ́ méjì! Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tí ohùn rẹ̀ há lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, orógbó ni yóò jẹ sí i. Tó bá di Sátidé, ẹ ó tún bá a lábẹ́ kánópì ní Ìgbógbó, tí yóò máa ki aláàsè títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo fẹ́ mọ ohun tó ń bẹ́ lọ́fun yẹn gan-an, àti ìdí tí alẹ́ méjì kò fi ṣeé rọ́jú ṣe. Mo sì fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ olórin Ìkòròdú tí kò ní dókítà tirẹ̀ lè ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "kó lọ sinmi". Ọjọ́ mélòó?

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fun

Ẹ̀gbọ́n adarí, ẹ kú ìbéèrè. Gbogbo ẹni tó bá ṣe Yorùbá ní girama ti gbọ́ tán-án-ná rí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ẹ̀yà ara ìfọ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Awọ méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nínú gògóńgò, lórí kòmóòkun (ọ̀nà èémí). Tí a bá ń mí, wọn a ṣí sílẹ̀. Tí a bá fẹ́ fọhùn, wọn a pàdé, èémí tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ a sì máa gbọ̀n wọ́n. Wọn ò tóbi rárá: ti obìnrin gùn tó mìlímítà 12 sí 17, ti ọkùnrin 17 sí 25.

Tí akọrinbìnrin bá di ohùn A tó wà lókè C àárín dùùrù mú, ìgbà 440 ni awọ méjèèjì ń lu ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ sọ ọ́ di wákàtí kan tí ohùn fi ń jáde láìdúró, ó di 1,584,000. Kò sí ẹni tó ń di ohùn kan mú fún wákàtí kan o, ṣùgbọ́n ẹ rí ibi tí ìṣirò náà ń lọ.

Abẹ́ awọ òkè tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ wà. Igbe lójijì, ikọ́ líle, tàbí orin gíga nígbà tí ọ̀fun ti wú tẹ́lẹ̀, lè bẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ a dà sábẹ́ awọ, kò sì níbi tó máa gbà jáde. Kì í sábà dunni, òun ló sì ń tan olórin jẹ. Ohùn kàn máa lọ ni, nígbà mìíràn láàárín ìlà orin kan: ó ń kọ ọ́ bọ̀ dáadáa, ó fẹ́ gòkè, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Ìyẹn yàtọ̀ sí ohùn tó há díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ nítorí ọ̀fìnkìn. Èyí tó lọ lójijì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Alágángan_Ìmọ̀ta

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣàlàyé fún adarí. Gángan tí òjò pa, awọ rẹ̀ ti mu omi, ó ti wúwo. Ẹ fún ọṣán rẹ̀ títí apá á fi ro yín, kò ní yọ ohùn òkè. "Pọ̀" ni yóò máa dún. Ẹni tí kò mọṣẹ́ ni yóò fi kọ̀ǹgọ́ lù ú kíkankíkan kó lè dún, ibẹ̀ lawọ ti ń ya. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, yóò gba òmíràn lọ́wọ́ ẹnìkejì, kí eré máa lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fun

Bàbá onílù, ẹ ti bá mi sọ ọ́ tán. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló sọ awọ di wíwúwo àti líle. Tí olórin bá fi agbára kọrin lórí rẹ̀, ó lè tún ya lẹ́ẹ̀kejì kí ti àkọ́kọ́ tó gbẹ. Tó bá ti ń ya léraléra, àpá máa ń kù síbẹ̀, àpá kì í sì í gbọ̀n. Ohun tí alẹ́ méjì Wembley lè ná ni nìyẹn, adarí.

Ẹ bèèrè iye ọjọ́. Tí dókítà bá ti rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ 7 sí 14 láì fọhùn rárá ni. "Rárá" yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í gbọ́. Kò sí "àhún àhún" tí a fi ń tún ọ̀fun ṣe, kò sí kíkùn orin sínú, kò sí "hẹ̀n-ẹ̀n" fún ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Kò sí wúyẹ́wúyẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ rò pé òun ń ṣàánú ọ̀fun, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń fún gògóńgò pọ̀ kí wọ́n tó lè sọ ọ́. Fóònù ni kó máa fi kọ ohun tó bá fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ oògùn: aspirin, ibuprofen àti naproxen kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹ má fún un. Tí ara bá ń ro ó, paracetamol ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà ní kó máa lo aspirin nítorí ọkàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, kó bèèrè.

Tí ọjọ́ yẹn bá pé, kì í ṣe pé kó gba máìkì o. Kí wọ́n tún wò ó ná. Tí ibẹ̀ bá ti gbẹ, ìṣẹ́jú 5 ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló máa fi bẹ̀rẹ̀, kó máa fi kún un lójoojúmọ́. Kí olórin tó padà sí òde wákàtí mẹ́fà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà sọ́kàn.

Jagun_Odògúnyàn

Gbogbo èyí dára fún òyìnbó tó lówó ní báǹkì. Orógbó ńkọ́? Oyin ńkọ́? Ẹyin tútù ńkọ́? Ṣé àwọn àgbà kàn ń jẹ ẹ́ lásán ni?

Tíṣà_Ohùn

Ọ̀gá Jagun, ohun tí ẹ bá gbé mì, ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà. Kò gba orí tán-án-ná kọjá. Ọjọ́ tó bá gba ibẹ̀, ẹ ó mọ̀, nítorí ikọ́ tí ẹ máa hú lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Nítorí náà kò sí oyin tó ń "ra" tán-án-ná. Ohun tí orógbó ń ṣe ni pé ó ń mú itọ́ sun, ẹnu kì í gbẹ, olórin a sì máa gbé omi mì. Ìyẹn dára. Àmọ́ kò lè tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ. Ẹyin tútù kò ṣe nǹkan kan, ó kàn lè fún ni ní ìgbẹ́ gbuuru ni. Súìtì oní-mẹ́ńtólì ń jẹ́ kí ọ̀fun tutù, bẹ́ẹ̀ kò dín wíwú kankan kù, òun ló sì burú jù lójú mi, torí olórin á rò pé ara ti yá.

Omi ni. Lítà 2 sí 3 lójúmọ́, láti àárọ̀ kùtù, nítorí omi tí ẹ mu ní ìṣẹ́jú 5 sí eré kò tíì dé ibi tó ń lọ. Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ pé ó tó ni ìtọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Kí ẹ fa ooru omi gbígbóná símú tún dára, ìṣẹ́jú 10, nítorí òun ni nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tó ń fọwọ́ kan tán-án-ná gan-an. Ẹ má gbé ojú sún mọ́ ọn jù, ó ń bó ni.

Jagun_Odògúnyàn

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún olórin lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́, ohùn á já geere. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fun

Dexamethasone ni ẹ ń sọ, tàbí ẹbí rẹ̀. Ó ń mú wíwú wálẹ̀ lóòótọ́. Dókítà tó ti fi kámẹ́rà wo ọ̀fun lè fún olórin ní ẹ̀ẹ̀kan fún eré kan tí kò ṣeé yẹ̀. Ẹni tí kò wo ọ̀fun tó kàn gún un ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ni ìjà mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ yẹn á pa àmì mọ́, olórin á gbàgbé pé òun ń ṣàìsàn, á sì kọrin wákàtí márùn-ún lórí egbò. Ó tún ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Ìyá_Kọ́áyà

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gbọ́ pé Adele lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣé gbogbo ẹni tó bá ya ẹ̀jẹ̀ lọ́fun ni wọ́n ń gé? Ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọdébìnrin tó ń kọ sopránò (ohùn òkè) lọ́dọ̀ wa.

Tíṣà_Ohùn

Rárá, mà. Ọ̀pọ̀ ló ń san pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ nìkan. Shakira, olórin ilẹ̀ Kòlóńbíà, ni ẹ wò. Ó yẹ kí ìrìn-àjò El Dorado rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní oṣù kọkànlá 2017. Ẹ̀jẹ̀ ya sí tán-án-ná rẹ̀ ọ̀tún, ó sún gbogbo rẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Hamburg ní oṣù kẹfà 2018. Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, oṣù méje ni.

Tí iṣan kan bá wà tó ń ya lemọ́lemọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá ti di ẹran kékeré tó yọ sórí awọ, ìyẹn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ti Adele wáyé ní oṣù kọkànlá 2011 ní Massachusetts General Hospital, ìlú Boston. Steven Zeitels ni dókítà náà. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù kejì 2012, ó kọrin níbi àmì-ẹ̀yẹ Grammy, ó sì kó mẹ́fà lọ sílé. Sam Smith, olórin Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, tí òun náà fagi lé eré rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2015, ọ̀dọ̀ dókítà kan náà ló lọ. Iná lésà ni wọ́n sábà máa fi ń pa irú iṣan bẹ́ẹ̀, kí awọ òkè má baà ya.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ ló ń yọrí sí rere. Julie Andrews, olórin àti òṣèré Gẹ̀ẹ́sì, ṣe tirẹ̀ ní 1997, ohùn orin rẹ̀ kò padà bí ó ti rí mọ́ títí di òní. Awọ tí a ń sọ yìí kì í ṣe ohun tí a ń gé dànù kó tún hù.

Àwọn ọmọ sopránò yín, mà, kókó tó ń yọ lórí tán-án-ná ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Kókó máa ń yọ ní méjì, ọ̀kan kọjú sí èkejì níbi tí awọ ti ń lu ara wọn jù. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wá, láti ara pípariwo lójoojúmọ́, bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ṣe ń yi. Èyí kì í sábà nílò ọ̀bẹ. Olùtọ́jú ohùn á tún bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, á sì máa lọ sílẹ̀.

Ìyá_Kọ́áyà

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ nígbà tí n kò ní kámẹ́rà?

Tíṣà_Ohùn

Ẹ ní kó kọ ìlà àkọ́kọ́ orin ọjọ́-ìbí tí gbogbo ayé mọ̀. Kó kọ ọ́ sókè pátápátá, níbi tí ohùn rẹ̀ ti ń tín-ín-rín, kó sì kọ ọ́ jẹ́jẹ́ gan-an, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Jẹ́jẹ́ yẹn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Ọ̀fun tó wú lè pariwo dáadáa, kò lè kọrin jẹ́jẹ́ lókè. Tí ẹ bá gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ ń fẹ́ kí ohùn tó tẹ̀lé e, tàbí pé ohùn ń já sí wẹ́wẹ́, ó ti wú. Ẹ ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ eré, ẹ sì tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi wéra. Tó bá jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ ló tó padà sí bó ṣe wà, iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ti pọ̀ jù fún un.

Ohùn tó bá há kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di ti dókítà, ìbáà jẹ́ olórin, ìbáà jẹ́ alágbàfọ̀. Tí èémí bá ń há, tí ẹ̀jẹ̀ bá bá itọ́ jáde, tàbí tí ó lọ pátápátá láàárín orin, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan.

Ọmọ_Ìta-Ẹlẹ́wà

Ẹ kú àlàyé. Ibo ni ọmọ Ìkòròdú máa gbé e lọ?

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fun

Ẹ lọ gba lẹ́tà ní ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní LASUTH (ọsibítù yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó), Ìkẹjà, tàbí LUTH (ọsibítù Yunifásítì Èkó) ní Idi-Araba. Ohun tí ẹ máa bèèrè ni pé kí wọ́n fi kámẹ́rà wo tán-án-ná. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń gbà láti imú. Wọ́n á kọ́kọ́ fín nǹkan tó ń pa imú kú, ó kàn máa ń rí bákan ni, kì í dunni bí ẹ ṣe rò. Ibi tí wọ́n bá ti ní iná tó ń ṣẹ́jú ló dára jù, torí iná yẹn máa jẹ́ kí ìgbọ̀n tó ń lọ nígbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá dà bíi pé ó ń rọra mì. Ibi tó le ni wọ́n ń rí báyìí.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ẹni tó ń lọ kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakòdó ń pariwo, dánfó ń pariwo, gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń kígbe láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó tẹ̀lé e bá a dá kọ̀ńdọ́ lóhùn.

Onísípíkà_Èbúté

Ẹ ti gbọ́ ti dókítà, ẹ wá gbọ́ ti ẹni tó ń di wáyà. Kí a tó bá olórin wí, ẹ wo ohun tó ń lé e pariwo. Ẹnikẹ́ni tó bá wà láàárín ariwo á gbé ohùn sókè láìmọ̀. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Lombard ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1911. Etí ló ń darí ọ̀fun. Olórin tí kò gbọ́ ara rẹ̀, ẹ wáàsù fún un títí, kó tó pé ìṣẹ́jú 10 ó ti gbàgbé.

Ní òde wa, mọ́nítọ̀ ilẹ̀ (sípíkà tí olórin fi ń gbọ́ ara rẹ̀) kan ṣoṣo ni ènìyàn mẹ́rin ń pín, dúrọ́ọ̀mù sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ fún ẹni tó ń lé orin ní tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fi sí i, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù díẹ̀ kó lè mọ kíì (ìpele ohùn tí orin wà). Ẹ má fi ìlù sí i, ìlù ti pariwo tó lójú ara rẹ̀. Tí máìkì bá jẹ́ oríṣi SM58 (máìkì ọwọ́ kan tó gbajúmọ̀), ìdí rẹ̀ lẹ́yìn gan-an ni kì í gbọ́ nǹkan, nítorí náà iwájú olórin gan-an, lẹ́yìn máìkì, ni mọ́nítọ̀ ń jókòó. Tó bá jẹ́ Beta 58, oríṣi mìíràn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ló di etí, ní nǹkan bíi dígírì 120 sí iwájú rẹ̀, nítorí náà ẹ sún mọ́nítọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá fi ti àkọ́kọ́ ṣe ti èkejì, máìkì rẹ̀ á máa súfèé.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Máìkì súfèé, a fa ohùn olórin wálẹ̀. Olórin kò gbọ́ ara rẹ̀ mọ́, ó kígbe. Onílù gbọ́ igbe, ó fi kún ìlù. Ní agogo mẹ́rin gbogbo rẹ̀ ti di ìjà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ olórin ló fà á, torí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì bí àwọn ọmọ inú fídíò. Orí máìkì tí a bá bò kò mọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí iwájú mọ́. Ọrùn rẹ̀ ni kó dì mú. Kí ẹnu jìnnà sí i ní ìka méjì, kó má fà á sẹ́yìn dé àyà. Kẹ́ ẹ sì tẹ bọ́tìnì tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ ní Hz 100 (ìgbọ̀n 100 ní ìṣẹ́jú àáyá), kò sí nǹkan olórin níbẹ̀.

Sípíkà ńlá, iwájú olórin ló ń wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé àyè máa ń há lójú títì. Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Alágángan_Ìmọ̀ta

Ọ̀gá Onísípíkà, ẹ ti ń ti ẹ̀bi sórí onílù ná o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀fun ti ń bàjẹ́ jù níbi àríyá. Kì í ṣe inú orin, inú oríkì ni. Wọ́n ń náwó, olórin bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ: lágbájá ọmọ tàmẹ̀dù, ọkọ lágbájá. Kò sí kíì níbẹ̀, kò sí ibi tó ti ń mí, ó kàn ń kígbe lórí ìlù. Ìṣẹ́jú 40 bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan orin lọ. Kí ni iṣẹ́ gángan? Gángan lè ki olówó fún ìṣẹ́jú 10 kí olórin máa mu omi. Ẹni tó mọ oríkì ìdílé rẹ̀ á gbọ́, á sì náwó fún onílù. Kí olórin kàn dá orúkọ lẹ́ẹ̀kan, kí ìlù gbà á, kí àwọn ẹlẹ́gbè gbè é.

Jagun_Odògúnyàn

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n fújì ńkọ́? Ohùn tó há ni adùn fújì. Ẹni tí ohùn rẹ̀ mọ́ bíi ti kọ́áyà, ta ló máa náwó fún un?

Tíṣà_Ohùn

Ìbéèrè gidi ni, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ tíṣà ohùn kì í dáhùn rẹ̀ tọkàntọkàn. Hán-hán tí àwọn àgbà onífújì ń fi sí orin, àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í fi tán-án-ná ṣe é. Òkè tán-án-ná ni wọ́n ti ń ṣe é, ibi tí ọ̀fun ti ń fún pọ̀ díẹ̀, wọ́n sì lè yọ ọ́ kúrò nígbà tó bá wù wọ́n. Ìyàtọ̀ nìyẹn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì: tí ohùn tó fi ń kí yín bá já geere, iṣẹ́ ọwọ́ ni hán-hán àná. Tí ó bá ṣì há, àìsàn ni.

Inú wéré ni fújì ti jáde, ẹ rántí, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn ènìyàn fún sààrì nínú ààwẹ̀. Ọ̀fun ẹni tó gbààwẹ̀ láti àárọ̀ gbẹ, ó sì fẹ́ kọrin ní agogo méjì òru. Kó mu omi díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tó bá ti ṣínu títí tó fi máa jáde. Kó má mu ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kíì pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n bá Nọ́ọ̀sì parí ìṣirò. Tí ẹ bá fa orin wálẹ̀ láti A sí G, 440 di 392. Ní wákàtí kan, ó ti dín ní 172,800. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ kánópì tó máa mọ̀ pé ẹ fà á wálẹ̀. Onígìtá nìkan ló máa ráhùn.

Ìyá_Kọ́áyà

Àwọn ọmọ wa kì í yọ́ ohùn kí wọ́n tó kọrin. Kí ni wọ́n lè ṣe ní ìṣẹ́jú 5?

Tíṣà_Ohùn

Sítíróò, mà. Ìgò omi tó kún dé ìdajì, sítíróò wọ inú omi ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó fi ètè dì í mú kí afẹ́fẹ́ má gba ẹ̀gbẹ́, kó wá máa fi ohùn "ùùù" fẹ́ omi kó hó. Kó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kó rọra gòkè, kó sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà kó fi orin tó fẹ́ kọ gangan ṣe é. Afẹ́fẹ́ tó ń padà láti inú omi kì í jẹ́ kí tán-án-ná lu ara wọn le jù. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń wú tàbí tí ọ̀fun bá ń le, ó ń fẹ́ ẹ jù. Lẹ́yìn eré, ìṣẹ́jú 3 irú rẹ̀ náà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ènìyàn rojọ́.

Alágbàtà_Eré

Ọ̀rọ̀ owó ni tèmi. Àwọn tó ń fagi lé eré níbẹ̀ yẹn ní adójútòfò tó ń san owó tí olórin kò bá lè jáde. Kò sì ń san án lọ́fẹ̀ẹ́: wọ́n á béèrè ìwé dókítà, wọn kì í sì í sábà san fún àìsàn tí olórin ti ní tẹ́lẹ̀ tí kò sọ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí wọ́n fi tètè ń lọ wo ọ̀fun kí wọ́n tó kéde.

Tiwa, ìwé àdéhùn nìkan ló máa gbà wá. Ẹ kọ ọ́ sí i kí ẹ tó gba àsansílẹ̀: tí ẹni tó ń lé orin bá ṣàìsàn pẹ̀lú ìwé dókítà, ẹgbẹ́ yóò mú ẹlòmíràn wá, ẹ dárúkọ ẹni náà sínú ìwé, tí aláàsè kò bá fẹ́ ẹ, ẹ sún ọjọ́, tàbí ẹ dá àsansílẹ̀ padà, kí ẹ yọ owó ọkọ̀ tí ẹ ti ná. Ẹ kọ iye wákàtí pẹ̀lú. "Títí ilẹ̀ á fi ṣú" kì í ṣe wákàtí.

AdaríẸgbẹ́_Sábó

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ti là mí lójú. Mo ti to nǹkan wọ̀nyí fún òde kan ní Ìjẹ̀dẹ́, agogo méjì ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́, ẹni mẹ́ta ló lè lé orin. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lé orin ìṣẹ́jú 45, kó fi ẹ̀rọ orin sinmi ìṣẹ́jú 15, kí ẹlòmíràn gbà á. Ìyẹn wákàtí méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gángan ni yóò máa ki ènìyàn. Kíì gbogbo orin wálẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan. Lẹ́yìn òde, ìkókoré gbígbóná fún gbogbo ẹgbẹ́. Kí ni mo gbàgbé?

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fun

Ìkókoré yẹn ni, ẹ̀gbọ́n. Ata púpọ̀ àti epo púpọ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí olórin sì sùn ní mọ́kànlá: omi kíkan inú ikùn á gun òkè dé ọ̀fun lójú oorun, yóò jí pẹ̀lú ohùn tó há, yóò sì rò pé orin ló fà á. Wákàtí mẹ́ta ló yẹ kó wà láàárín oúnjẹ àti ibùsùn. Ẹ fún wọn jẹ ní agogo márùn-ún, nígbà tí ó bá kan ẹlòmíràn. Ẹni tí èyí ń ṣe lemọ́lemọ́, kó fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì apá orí sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí méjì kò ṣe é, ó kàn ń ká ikùn ni.

Àti ìsinmi ìṣẹ́jú 15 yẹn: ẹni tó bá lọ jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ kánópì tó ń bá wọn ṣàwàdà lórí ariwo sípíkà kò sinmi. Inú ọkọ̀ ni kó lọ jókòó, kó ti ilẹ̀kùn.

Onísípíkà_Èbúté

Jẹnẹrétọ̀. Ẹ ò dárúkọ rẹ̀. Ní gbangba, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ jíjìnnà rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ á wálẹ̀ ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 6. Mítà 5 ni wọ́n sábà ń gbé e sí. Ẹ gbé e dé mítà 20, ẹ ti rí 12 gbà láìná kọ́bọ̀. Kó wà ní apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kí èéfín má padà wá bá olórin. Wáyà mítà 30 tó nípọn ni kẹ́ ẹ gbé dání. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ á gbóná, iná á sì máa relẹ̀ nígbà tí sípíkà bá ń fà á. Ẹ tú u tán kúrò lára róòlù rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan nǹkan kan.